Ẹ̀kán Kan fún Ojú Kan

Ẹ má bi mí bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi mí nìyẹn, ó sì ti sú mi. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Èyí tó tẹ̀lé e ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, òun ni mo sì fẹ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá mi sọ ọ́ ní ìsọkúsọ.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń tọ́jú omi púùlù. Èmi ni mò ń da kílórìn sí i, èmi ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, bí ewé bá já bọ́ sínú ẹ̀, èmi náà ni. Ìyá Kílórìn làwọn òmùwẹ̀ ń pè mí. Wọ́n ní bí mo bá ń bọ̀ láti ìkòríta, imú ló ń kọ́kọ́ rí mi kí ojú tó rí mi. Kí wọ́n máa wí. Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni tó kó àrùn ojú tàbí làpálàpá nínú omi mi rí, ẹ lọ wádìí.

Yàrá iṣẹ́ mi wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń fa omi. Ó há. Tábìlì kan ni, àga kan, ẹnu ẹ̀rọ omi kan, àti pákó tí mo lu ihò mẹ́ta sí. Inú ihò mẹ́ta yẹn làwọn ìgò róbà kéékèèké tí mo fi ń yẹ omi wò máa ń dúró sí. Ti ihò kejì ni baba wọn. Omi inú ẹ̀ mọ́ gaara, kò láwọ̀, ṣùgbọ́n ásíìdì wà nínú ẹ̀. Bí mo bá kán ẹ̀kán márùn-ún sínú ife omi púùlù, tí kílórìn bá wà níbẹ̀, omi náà á pọ́n rúsúrúsú. Bí kò bá pọ́n, kò sí kílórìn. Ọ̀rinrin inú yàrá yẹn kì í jẹ́ kí lébẹ́ẹ̀lì pẹ́ lára ìgò, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì ó ti re. Torí náà èmi kì í ka nǹkan kan. Ihò ni mo mọ̀. Máníjà ti bá mi jà lórí ẹ̀ nígbà méjì. Mo ní kó lọ jókòó, ṣé obìnrin máa ń ka ara ike iyọ̀ kó tó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Kònkò. Àbúrò mi obìnrin ló bí i, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, torí èmi ò bímọ, àbúrò mi sì bí mẹ́rin. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, èéyi mú un, ó sì fọ́ ojú ọ̀tún ẹ̀. Ti òsì nìkan ló fi ń ríran. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Bó bá bọ́ sómi, ẹ ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣe é. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, ó ń ta nínú omi bíi kònkò, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Gọ́gù ló ń bá wa jà. Awò tí àwọn òmùwẹ̀ máa ń fi bojú yẹn. Ojú èèyàn á gbóná, omi á tutù, awò náà á wá laágùn láti inú. Kí òmùwẹ̀ tó lọ kó tó bọ̀, kùrukùru ti bò ó. Ẹni tó lójú méjì á ṣì máa fojú inú mọ ibi tó wà. Kònkò ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá ó forí sọ ògiri púùlù, mo gbọ́ ìró ẹ̀ látinú yàrá mi, mo rò pé wọ́n ju nǹkan lulẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rán an níwájú orí. Dókítà ní bó bá fi lè sún sápá òsì díẹ̀ ni, ojú kan tó kù yẹn ìbá ti lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun mi ti di ìdajì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi omi sílẹ̀. Ó ní, "Màmá Ńlá, orí ilẹ̀ ni mo ti jẹ́ olójú kan o. Inú omi, èmi àtàwọn tó kù dọ́gba."

Kóòṣì wọn ní kò sí oògùn kùrukùru tó ju itọ́ lọ. Á tutọ́ sínú gọ́gù, puẹ̀, á fi omi ṣàn án, á gbé e bojú. Mo ní, "Kóòṣì, ẹ̀yin àgbàlagbà yìí." Ó ní ó ti di ogún ọdún tóun ti ń tutọ́ sí i, ṣé òun fọ́jú ni? Òótọ́ ló sọ, àmọ́ itọ́ kì í pẹ́. Mo dán péésìtì wò, ó họ awò náà yánnayànna. Ẹnìkan ní kí n gé ọ̀dùnkún kí n fi pa á. Mo gé e, mo fi pa á, Kònkò ní ṣé gọ́gù náà la fẹ́ dín ni.

Ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ orí ọmọ jòjòló ló wá ṣiṣẹ́. Ṣíbí ọṣẹ kan sí ṣíbí omi mẹ́wàá, omi tí mo sè tí mo jẹ́ kó tutù. Ẹ̀kán kan fún ojú kan. Yí gọ́gù náà káàkiri kó lè dé ibi gbogbo, gbọn ìyókù nù, má fọwọ́ kàn án nínú, má faṣọ nù ún, má sì fi omi ṣàn án. Kò lè ta ojú, ṣebí ọmọ jòjòló ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Kònkò lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, nígbà ogún, awò ẹ̀ mọ́ kedere. Ó jáde, ó dì mọ́ mi tòun ti omi lára, ó ní, "Mo rí ògiri! Màmá Ńlá, láti òkèèrè ni mo ti rí i!" Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Àbúrò mi, ìyá Kònkò, ń ta gọ́gù àti fìlà ìwẹ̀ lẹ́nu géètì. Nígbà tí ìdíje ńlá ọjọ́ Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi po oògùn yín yẹn kó pọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ra gọ́gù, màá fún un ní ìgò kan lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo ní, "Ìgò dà?"

Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń kó ìgò jọ bí ẹni tó fẹ́ ṣí ilé oògùn."

Kò parọ́. Àwọn ìgò tí mo fi ń yẹ omi wò, bí wọ́n bá ti tán, mo máa ń fọ̀ wọ́n, mo ń kó wọn sínú páálí. Èmi ò lè rí nǹkan tó dáa kí n sọ ọ́ nù. Ẹnu wọn tínrín, ẹ̀kán kan ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan, lébẹ́ẹ̀lì ti re kúrò lára gbogbo wọn. Bí ẹ bá kó wọn síwájú mi, ti ọṣẹ àti ti ásíìdì, ìbejì ni.

Lọ́sàn-án Fúráídé, lẹ́yìn tí mo yẹ omi wò tán, mo jókòó sí yàrá iṣẹ́ mi, mò ń rọ ọṣẹ sínú ìgò. Ọgbọ̀n ìgò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé èyí tó kẹ́yìn ni mo gbọ́ bàtà Máníjà, kó-kó-kó. Ọkùnrin yẹn ò fẹ́ rí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ara ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Akọ̀wé kan wà tó ń hun súwẹ́tà lábẹ́ tábìlì, ọjọ́ tó rí i náà ló lé e. Mo fi apá gbá gbogbo ìgò orí tábìlì sínú àpò, gbàgàdà. Apá mi gbá pákó, pákó ṣubú, ìgò inú ihò dà sáàárín àwọn tó kù. Mo gbé pákó dìde, mo ṣa ìgò mẹ́ta, mo kì wọ́n sínú ihò mẹ́ta, mo kó ìyókù sápò. Ìgbà tí Máníjà fi yọrí lẹ́nu ọ̀nà, mò ń nu tábìlì, mò ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun. Ó wò yíká, ó ní kí n má pẹ́ dé lọ́la o, ó lọ. Mo mí kanlẹ̀, mo sì bú u díẹ̀.

Ìgò mẹ́ta nínú ihò mẹ́ta. Ojú mi rí i pé ihò kún, ọkàn mi balẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wo ihò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí n tó ráyè yẹ omi wò ni Máníjà ní kí n wá bá wọn to àga. Mo ní omi ńkọ́? Ó ní omi ò ní sá lọ. Igba àga! Nígbà tí mo fi padà dé yàrá mi, àwọn òbí ti kún ibi ìjókòó, àwọn ọmọ ti ń na apá na ẹsẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń pariwo, ìdíje àkọ́kọ́ ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo bu omi púùlù sínú ife. Mo kán ẹ̀kán márùn-ún sí i látinú ìgò ihò kejì. Mo dúró.

Omi náà ò pọ́n.

Mo tún kán márùn-ún. Kò pọ́n. Mo ní èwo tún rèé, ṣé kílórìn tí mo fọwọ́ ara mi dà ló ti tán? Mo mi ife náà. Ó hó. Ìfófò funfun kún ẹnu ife. Mo gbé ìgò náà símú, ó ń ta sánsán bí orí ọmọ jòjòló.

Mo tú ìgò kìíní àti ìkẹta wò, kì í ṣe wọ́n. Ìgò ásíìdì ti bá ìyókù lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹnu géètì. Àbúrò mi ní òun ti pín mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ku mẹ́ta. Mo kán àwọn mẹ́ta náà sínú ife omi púùlù tí mo gbé dání, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìfófò ni. Ó ní, "Àǹtí mi, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" Mo sọ fún un. Ó gbé ọwọ́ lérí. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pẹ̀lú mẹ́ta, ó ku ọ̀kan kó pé ọgbọ̀n. Ìgò kan yẹn, Kònkò ló mú un nínú àpò mi ní ìrọ̀lẹ́ Fúráídé kí ẹnikẹ́ni tó mú.

Bí mo ṣe ronú kàn án, mo figbe ta. Mo gbé eré, ó di ibi gbohùngbohùn. Tábìlì wọn wà létí omi, ẹni tó ń pe orúkọ jókòó síbẹ̀, Máníjà jókòó tì í, ó ká ẹsẹ̀ lérí ara wọn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ò ju kí n já ẹ̀rọ yẹn gbà kí n pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má kán nǹkan kan sí gọ́gù, èmi ni mo ṣàṣìṣe, ẹ gbà mí. Ẹ gbọ́, mo fẹ́ sọ ọ́. Kí wọ́n lé mi, kí wọ́n dè mí, mi ò rí tìyẹn rò. Ojú kan ṣoṣo ni mò ń rí.

Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí n débẹ̀ ni mo pàdé Kònkò. Ó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, gọ́gù ẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

Mo dì í mú. "Ìgò ẹ dà?"

"Màmá Ńlá, kí ló ṣe yín?"

"Mo ní ìgò ẹ dà! Ṣé o ti kán an?"

"Rárá o, ìdíje kẹta ni mo wà." Ó tú àpò ẹ̀, ó mú un jáde. Òun ló bá mi ṣí i. Mo kán an sínú ife. Mo mì í. Ìfófò.

"Ọpẹ́ o!" Mo kígbe ẹ̀. Mo dì mọ́ ọmọ náà, mo fi ẹnu kan ojú ẹ̀ méjèèjì, èyí tó ń ríran àtèyí tí kò ríran. Ọkàn mi rọ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní mo ń ti òun lójú lójú àwọn ọ̀rẹ́ òun. Mo ní kó máa lọ bá Kóòṣì.

Ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Àbúrò mi ti sá tẹ̀lé mi dé. Ó ní, "Àǹtí mi, gbohùngbohùn nìyẹn." Mo wò ó. Mo wo bàtà Máníjà tó ń dán. Mo wo igba èèyàn tó jókòó sórí àga tí mo fọwọ́ ara mi tò. Mo rántí akọ̀wé tó ń hun súwẹ́tà. Ọdún mọ́kàndínlógún. Ta ló fẹ́ gba Ìyá Kílórìn síṣẹ́ lọ́jọ́ orí mi yìí? Mo ní, "A ò ní pariwo. A máa gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wéré la máa ṣe é."

Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ẹ ò tíì rí ti Kònkò ńkọ́?"

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Mo ní ta ló bẹ̀ mí pé kí n po oògùn fóun, ta ló ń pín in kiri? Mo ní kó máa lọ ṣa àwọn tó ra gọ́gù lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ó pa ẹnu ẹ̀ mọ́, ó lọ.

La bá bẹ̀rẹ̀. Irọ́ tí mo pa ni pé oògùn tuntun dé, èyí tó dáa jù, kí wọ́n mú ti tẹ́lẹ̀ wá. Mo ń fẹyín, mo ń gba ìgò, mo ń yí ẹ̀yìn padà, mo ń kán an sínú ife, mo ń da ife nù, mo ń bu òmíràn. Ìyá kan ní, "Ohun tẹ́ ẹ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ tún fẹ́ gbà á padà? Ahun yín mà pọ̀ o." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní ọmọ òun ti lo tiẹ̀, mo la ojú ọmọ náà wò, ó mọ́, mo dúpẹ́, mo kọjá. Mẹ́wàá. Mẹ́rìndínlógún. Ìdíje àkọ́kọ́ ti lọ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ogún. Gbogbo ẹ̀ ìfófò. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ìgò náà ti já bọ́ lọ́nà, pé Ọlọ́run ti bá mi bo àṣírí. Márùndínlọ́gbọ̀n.

"Ó ku ẹyọ kan," ni àbúrò mi wí. Ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Ọmọbìnrin kékeré kan ni. Fìlà pupa ló dé. Ìyá ẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tó máa díje nìyí, ó ní kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì kọ́ ọ."

Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá ló kàn. Wọ́n ti to sórí pèpéle, mẹ́jọ. Fìlà pupa wà ní ìlà kẹrin, lápá òdìkejì omi. Mo rí i kedere. Ó ti kán an. Ó ń yí gọ́gù náà káàkiri, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbọn ún nù. Kò fọwọ́ kàn án nínú. Kò faṣọ nù ún. Kò fi omi ṣàn án. Ọmọ tó gbọ́ràn.

Mo kígbe wàyí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mo kígbe. Àmọ́ gbogbo èèyàn ló ń kígbe, oníkálukú ń pe ọmọ ẹ̀. Mo ń sáré yí etí omi ká, ilẹ̀ ń yọ̀, mo ṣubú, mo dìde. Ó gbé gọ́gù bojú. Mo rí i tó fa èjìká sókè, tó gbé ọwọ́ sí róbà gọ́gù náà bí ẹni fẹ́ yọ ọ́, tó tún sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó sọ fún dókítà nígbà tó yá pé ó ta òun, ṣùgbọ́n òun rò pé bó ṣe máa ń ta gbogbo èèyàn nìyẹn, òun ò sì fẹ́ dójú ti ìyá òun.

Fèrè dún. Gbogbo wọn bẹ́ sómi.

Ọmọ náà ò dé ìdajì. Ó dúró sáàárín omi, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ya ojú ara ẹ̀, igbe tó ké, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo bẹ́ sí i tòun ti bàtà, tòun ti aṣọ iṣẹ́. Mo já gọ́gù náà kúrò lójú ẹ̀, mo gbé e, ó ń gbá mi nípàá, ó ń pe ìyá ẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ omi inú yàrá mi ni mo gbé e lọ. Mo fi ìka la ìpéǹpéjú ẹ̀, mo jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i, títí, títí, mi ò dáhùn sí ẹnikẹ́ni, títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé. Ìyá ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, ó kàn ń sọ pé, "Ṣé ó ń ríran? Ẹ bá mi bi í, ṣé ó ń ríran?"

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bèèrè ohun tó wọ ọmọ náà lójú. Kóòṣì kan ní kílórìn ni, pé omi púùlù wa ti le jù. Mo ní kì í ṣe kílórìn. Mo ní ásíìdì ni, inú ìgò tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ló wà, èmi tí mò ń tọ́jú omi mọ òórùn ẹ̀. Mo sọ èyí tí wọ́n á fi wo ọmọ náà sàn. Mi ò sọ èyí tó kù. Dókítà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n di ojú ọmọ náà méjèèjì. Dókítà ní ti òsì, òun ní ìrètí. Ti ọ̀tún, àfi kí a máa wò ó.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi àti ìyá ọmọ náà. Àbúrò mi ò lè wá, ó ní ẹsẹ̀ òun ò gbé òun. Kònkò ló mú aṣọ gbígbẹ wá fún mi nínú ọ̀rá. Wọ́n ti dá ìdíje dúró, kò rí tiẹ̀ lúwẹ̀ẹ́, kò sì ráhùn. Ó jókòó sápá òsì mi, ó gbé orí lé mi léjìká. Ìyá ọmọ náà wà lápá ọ̀tún. Ọmọ kékeré lòun náà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, aṣọ tó wọ̀ dáa, ó jọ pé ó dìídì rà á fún ọjọ́ náà ni. Ó di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ láti ìgbà tí a ti débẹ̀.

Ó ní, "Mà, ẹ bẹ́ sómi tòun ti bàtà. Nínú gbogbo èrò yẹn, ẹ̀yin nìkan. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín."

Mo mi orí.

Ó ní, "Ta ló ń fi ásíìdì sínú ìgò fún ọmọdé? Ta ni mo ṣẹ̀? Ẹnìkan ló dìídì ṣe é kí ọmọ mi má bàa borí. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi gbàdúrà. Ẹ̀yin ni ọwọ́ yín mọ́ jù níbí."

Ó di ojú. Kònkò náà gbé orí kúrò léjìká mi, ó di ojú, ó pa ọwọ́ pọ̀. Ọmọ tí mo kọ́ dáadáa ni.

"Ọlọ́run, ìwọ lo mọ ẹni tó ṣe é. Má jẹ̀ẹ́ kó lọ láìsí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n."

"Àmín," ni Kònkò wí. Èmi náà gbọ́ ohùn mi. Ó ní àmín.

"Oorun ò ní kun ojú ẹ̀ mọ́."

"Àmín," Kònkò tún wí, èmi náà wí i. Mo ní lọ́kàn mi pé kò burú, oorun lásán ni, mo lè fara da ìyẹn.

Ohùn obìnrin náà wá ń gbọ̀n. "Ọmọ tí ẹni náà fẹ́ràn jù láyé yìí, Ọlọ́run, ohun tó dé bá ojú ọmọ mi lónìí, kó dé bá ojú—"

Ọwọ́ mi ti dé ẹnu Kònkò kí n tó mọ̀. Mo bò ó gbámú. Àmín náà ti ń jáde bọ̀, mo gbọ́ èémí gbígbóná ẹ̀ lára àtẹ́lẹwọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́ padà.

Ìyá ọmọ náà lajú. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo Kònkò, ojú kan tó là sílẹ̀ gbàgà tí ẹ̀rù ń bà, àti ọ̀kan tó funfun. Ó wá wo èmi, ó pẹ́ lójú mi. Ọwọ́ ẹ̀ tó fi di tèmi mú ń tú, ìka kan, ìka kan.

"Mà," ó ní, ohùn ẹ̀ ò ròkè rárá, "kí ló dé tẹ́ ẹ ò fẹ́ kó ṣe àmín?"